Pákó Tó Kẹ́yìn Lára Tírélà Bàbá

                                                  Ilé Bàbá Àgbà,
                                                  Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà,
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìwé kíkà, ẹ sì kú àárò gbogbo wa. Ṣé ara yín le? Ṣé eyín tó ń dùn yín ti jẹ́ kí ẹ rímú mí? Ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́, èyí tí ẹ ní ó máa ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, ṣé ẹ ti ń rí oorun sùn báyìí? Àwa náà wà níbí. Ìyá àgbà ní kí n bi yín bóyá ẹ ń jẹun dáadáa, pé tí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n má gbà yín gbọ́. Bàbá àgbà ní kí n kí yín, wọn ò sì fi nǹkan kan kún un. Mo mọ̀ pé ìyẹn nìkan á ti kọ yín lóminú, nítorí ìgbà wo ni Bàbá kí yín rí láì fi ìkìlọ̀ títì sísọdá kún un?

Nígbà tí mo kọ̀wé sí yín kẹ́yìn, ẹ̀rín ni mo fi ránṣẹ́. Ẹ ní ibi tí mo ti fi ohùn wẹ́dà pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ìyẹn sáré gbé àkàbà jáde sójú títì láìsí ẹni tó rán an, ni ẹ kà tí wọ́n fi lé yín jáde ní ilé ìkàwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí irú ẹ̀ nínú èyí. Ẹ sì fojú fo àṣìkọ mi. Ibi tí mo bá ìwé dé ni mo bá a dé. Ẹnu mi nìkan ló ń tẹ̀síwájú láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé-ìwé. Ẹnu náà ló sì kó mi sínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ rántí tírélà Bàbá, ògbólógbòó onítáyà méjì tó máa ń tẹ̀lé ọkọ̀ wọn lẹ́yìn bí ọmọ tí kò fẹ́ jáwọ́ lára ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ pákó rẹ̀ ti jẹrà tán. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, olú hù ní igun rẹ̀ kan, mo sì ń sọ kiri àdúgbò pé Bàbá ti fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n ti di àgbẹ̀. Lọ́jọ́ kan Bàbá gun orí rẹ̀, pákó kan dá lábẹ́ wọn, ẹsẹ̀ wọn kan sì wọlé títí dé orúnkún. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, wọ́n ń wò mí bíi pé èmi ni mo gbẹ́ ihò náà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n pinnu pé gbogbo pákó náà máa kúrò, àwọn á tẹ́ tuntun. Wọ́n bá ránṣẹ́ pe Bàbá Ìṣólẹ́nu.

Ẹ̀yin tí wọ́n kan àpótí fún nígbà tí ẹ ń lọ, mi ò ní máa ṣàlàyé wọn fún yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí inú mi máa ń dùn láti sọ ọ́. Káfíńtà kan ṣoṣo tí Bàbá gbà pé ó wà láyé ni wọ́n, ọ̀rẹ́ wọn láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì ní irun lórí. Àwa ọmọdé la sọ wọ́n ní Ìṣólẹ́nu nítorí ìṣó kì í kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n á kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á máa fi ẹ̀gbẹ́ kejì báni sọ̀rọ̀. Bàbá kì í pè wọ́n ní nǹkan míì ju Káfíńtà lọ, àwọn náà a máa pe Bàbá ní Dírẹ́bà. Ayùn méjì ni wọ́n ní: ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, èkejì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọ́n máa ń ní ibi méjèèjì làwọn ń gbé.

Iṣẹ́ náà dùn, mi ò ní purọ́. Àwọn bóòtù àtijọ́ ti dógùn-ún débi pé wọn ò gbọ́ ti sípánà mọ́, àfi ká gé wọn lórí. Èmi ni mo ń fi ayùn irin gé wọn títí apá fi fẹ́ bọ́ lára mi. A ṣí pákó jíjẹrà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ṣì le díẹ̀ nínú wọn, Ìyá àgbà ti gbé e lọ fi dí ẹnu ilé adìyẹ kó tó fara kan ilẹ̀. A ha gbogbo ògùn-ún kúrò lára irin abẹ́ rẹ̀, a kun ún ní ọ̀dà pupa, a jẹ́ kó gbẹ. Bàbá Ìṣólẹ́nu wọn pákó tuntun, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n ní kí n fi ọ́ìlì dúdú tí Bàbá fà lára ẹ́ńjìnnì kun iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí omi má bàa mu ún.

Wọ́n ní a kì í tẹ́ ẹ mọ́ra pinpin. Pákó a máa wú lójò, tí kò bá ríbi gbà, á ta sókè. Torí náà, bí wọ́n bá tẹ́ ọ̀kan, wọ́n á yọ ìṣó kan lẹ́nu, wọ́n á fi í sáàárín òun àti èyí tó kàn kí àyè lè wà níbẹ̀, wọ́n á sì dá ìṣó náà padà sẹ́nu. Ọ́ìlì dúdú ti kun ìṣó yẹn látòkè délẹ̀. Mo rí i. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn ń wo ojú wọn bó ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan wà tí gbogbo wa rí tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Kò pọ̀, bí ewé tí atẹ́gùn kékeré fẹ́ kọjá ni. Nígbà tí wọ́n ń lu ihò sára pákó tó kẹ́yìn, èyí tó máa wà ní ìdí tírélà níbi tí ẹrù ti ń wọlé, dírílì yọ̀ lọ́wọ́ wọn, pákó náà sì là láti etí dé àárín. Wọ́n wo pákó náà, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn. Bàbá yára sọ pé pákó yẹn ti ní ẹ̀là nínú tẹ́lẹ̀, pé àwọn á lọ mú òmíràn, kí àwọn kọ́kọ́ di bóòtù àwọn tó ti wà nílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń di bóòtù náà nìyí. Ẹnì kan á wà lókè, ẹnì kan á sùn sábẹ́. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn Bàbá kò gba ilẹ̀ líle mọ́, torí náà Bàbá Ìṣólẹ́nu ní kí Dírẹ́bà dúró sókè kó máa gba atẹ́gùn bí ọ̀gá, àwọn bá wọ abẹ́. Ẹni tòkè á ju bóòtù sínú ihò, á ní, "Ó ń bọ̀." Ẹni tìsàlẹ̀ á fi nọ́ọ̀tì sí i lẹ́nu, á fi sípánà há a, á ní, "Mo dì í mú." Ìgbà yẹn ni tòkè á tó fi sípánà tiẹ̀ yí i títí á fi le. Wọn ò rí ara wọn. Ohùn nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ṣé irú ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí wọ́n fi èmi sí?

Mo kọ́kọ́ ṣe kékeré. Bí Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ láti mú bóòtù nínú agolo, mo ti fi ohùn wọn sọ pé, "Ó ń bọ̀."

Bàbá Ìṣólẹ́nu ń fi ìka wá ohun tí kò sí nínú ihò. "Dírẹ́bà, èwo ló ń bọ̀? Àbí ó yà kí ẹnì kan lọ́nà ni?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ju àkísà lù mí. "Ayékòótọ́ ni. Má dá a lóhùn."

Lábẹ́ níbẹ̀, Bàbá Ìṣólẹ́nu náà rẹ́rìn-ín títí tí ìṣó fi ń dún lẹ́nu wọn. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí àwọn bá kú, èmi ni kí wọ́n ní kó kan pósí àwọn, kí n lè mọ̀ pé iṣẹ́ wà láyé ju ariwo lọ. Báyẹn la ṣe wà. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, nítorí ká ní mo dúró síbẹ̀ yẹn ni, lẹ́tà mìíràn ni ẹ̀ bá máa kà.

Wásà, irin pẹlẹbẹ tó máa ń wà lábẹ́ orí bóòtù, tán nínú agolo, Bàbá bá wọlé lọ wá òmíràn. Bàbá Ìṣólẹ́nu ò mọ̀. Wọ́n ṣì wà lábẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń fi sípánà nu nọ́ọ̀tì kan, wọ́n ń dúró de ohùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ẹni tí mo bá ń sín jẹ ló ní ibi kan tí mo fẹ́ràn jù nínú ohùn rẹ̀. Ti Ìyá àgbà ni ibi tí wọ́n ti ń lé adìyẹ. Ti wẹ́dà ni ibi tó ti ń ṣèlérí pé iṣẹ́ á yá lọ́la. Ti Bàbá, ọ̀rọ̀ kan ni tí wọ́n bá Ìyá àgbà sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn tí Bàbá Ìṣólẹ́nu kan bẹ́ǹṣì fún wa. Èmi wà lẹ́yìn fèrèsé. Ọ̀rọ̀ náà dára lẹ́nu púpọ̀. Ikọ́ kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀, Bàbá mí kanlẹ̀ láàárín rẹ̀, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀ ní ìparí bí ọkọ̀ tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo ti kọ́ ọ títí nínú ilé ìwẹ̀. Bí orin ló ṣe wà létí mi. Mi ò tilẹ̀ ro ẹni tó ń bá wí.

Mo tẹ̀ mọ́ orí pákó, mo gbé ẹnu sí àyè tí ìṣó fi sílẹ̀ láàárín wọn, mo wúkọ́ bí Bàbá, mo sì sọ ọ́: "Àánú ló ń ṣe mí. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Bẹ́ǹṣì yẹn, èmi ni mo tún un kàn nígbà tó lọ tán. Tí kì í bá ṣe èmi, ta ló tún máa gbé iṣẹ́ fún un?"

Kò tíì dára lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ń retí kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ń retí kí wọ́n ní, "Ayékòótọ́, jáde níbẹ̀." Sípánà tó ń kan irin lábẹ́ dákẹ́. Mo yọjú wo àárín pákó, mo sì rí díẹ̀ nínú ojú wọn. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn pákó tó wà lókè orí wọn gan-an, wọn ò ṣẹ́jú. Nígbà tó yá, wọ́n sọ láàárín ìṣó pé, "Ó dáa." Ó parí.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ẹnu tí kì í sinmi yìí, ó kú pátápátá. Bàbá jáde pẹ̀lú wásà lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ó ń bọ̀." Ohùn dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, "Mo dì í mú." Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ohùn náà ti yàtọ̀. Bàbá ò gbọ́ ọ. Èmi tó jẹ́ pé ohùn ni iṣẹ́ mi, mo gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Bàbá Ìṣólẹ́nu yọ jáde, wọ́n gbọn eruku ara wọn. Ìyá àgbà gbé omi tútù wá, wọ́n ní òùngbẹ ò gbẹ àwọn. Bàbá ní kí wọ́n jókòó kí àwọn sọ̀rọ̀ pákó tó kù. Wọ́n wo bẹ́ǹṣì náà, wọn ò jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ orí ìṣó kan ní ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ kan ojú egbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n mú ayùn wọn, wọ́n fi há abíyá, wọ́n sì lọ. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rò pé káfíńtà fẹ́ pọ́n ọn ni.

Káfíńtà ò padà wá. Bàbá ránṣẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Bàbá pè wọ́n lórí fóònù, ọmọ wọn ló gbé e, ó ní wọ́n ń sùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Bàbá ń gbọ́ ìró òòlù lẹ́yìn rẹ̀. Tírélà náà dúró sí àgbàlá, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹnu tí eyín iwájú ti ká. Bàbá á lọ dúró tì í, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó dà bíi pé ìtìjú pákó tó là yẹn ni. Wọ́n ní àwọn ni àwọn kò mọ bí àwọn ì bá ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀bi ru ara wọn, tí èmi tí mo ni ẹrù náà sì jókòó tì wọ́n, mò ń jẹun, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Nígbà tí mi ò lè gbé e mọ́, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ìṣólẹ́nu. Wọ́n wà níwájú ilẹ̀kùn kan tí wọn ò tíì kàn tán, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú igi. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe Bàbá wa ló sọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni. Mo sín wọn jẹ ni. Wọ́n wà nínú ilé nígbà yẹn."

Wọn ò yíjú padà. "Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Ní ohùn rẹ̀. Sọ ọ́."

Mo sọ ọ́ nídọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀. Mo rí i bí èjìká wọn ṣe sọ̀. Mo rò pé ara tù wọ́n ni. Mo ti fẹ́ dìde.

"Ìwọ lo sọ ọ́ lóòótọ́," wọ́n ní. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ta ló sọ fún ẹ pé ó tún bẹ́ǹṣì yẹn kàn?"

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣí ẹnu. Irọ́ tí mo ti pa láyé yìí, kò sí èyí tó rọrùn tó ìyẹn. Ká ní mo sọ pé mo hùmọ̀ rẹ̀ ni, tàbí pé mo lá a lálàá, tàbí pé wẹ́dà ló sọ ọ́. Mo lè fi ohùn ẹni tí mo bá fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ wọ́n ń wo ojú mi, mi ò rí ohùn kankan mú. Mo kàn ń wolẹ̀.

"Mo rí ìṣó náà lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n sọ. "Ìṣó mi kọ́. Mo mọ ìṣó mi." Wọ́n tún kọjú sí ilẹ̀kùn náà. "Ọmọ mi, o ò ní ọ̀rọ̀ tìẹ. Ohun tó o bá gbọ́ lo máa ń sọ. Máa lọ sílé."

Wọn ò bú mi. Ká ní wọ́n gbé òòlù lé mi ni, ìyẹn ì bá sàn.

Mo délé, mo sọ fún Bàbá. Àwọn àti Ìyá àgbà ni wọ́n jókòó, orí bẹ́ǹṣì náà gan-an ni. Bàbá ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ara mi sọ ọ́, kò tíì dé àárín tí wọ́n fi na ọwọ́ sókè pé ó tó. Ìyá àgbà ní àwọn ló fà á, pé bẹ́ǹṣì náà ń mì, ó sì fún àwọn nítan nígbà yẹn, àwọn sì ń ráhùn, Bàbá kàn fi àánú pa àwọn lẹ́nu mọ́ ni. Bàbá mi orí. Wọ́n ní, "Mo sọ ọ́. Kì í ṣe bó ṣe wà nínú mi ni mo sọ ọ́, àmọ́ mo sọ ọ́." Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí. "Ká ní irọ́ lo pa mọ́ mi ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá rọrùn. Mà á gbá ẹ létí, mà á lọ bẹ̀ ẹ́, ó tán. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún un báyìí?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ní kí n bá àwọn mú pákó tuntun níbi tí wọ́n ti ń là á. Mo kun ún ní ọ́ìlì, a gbé e sínú tírélà, Bàbá sì wà á lọ. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀yìn wa tírélà náà títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ìṣólẹ́nu, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé pákó náà sí àyè rẹ̀, wọ́n kó agolo bóòtù sórí rẹ̀. Wọ́n bọ́ fìlà wọn fún mi. Bàbá wa yìí tí kì í lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, wọ́n sùn sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ tírélà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń kérora. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, a ò rí nǹkan kan lára wọn mọ́ àyàfi bàtà. Wọ́n ní, "Káfíńtà, mo ti wà níbí."

Òòlù tó ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Àwọn tó ń kọjá ń wo bàtà Bàbá. Ó pẹ́ gan-an. Mo fẹ́ pe Bàbá pé kí wọ́n jáde, òkúta wà nílẹ̀ ibẹ̀. Bàbá Ìṣólẹ́nu wá jáde pẹ̀lú dírílì lọ́wọ́. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n lu ihò, dírílì ò yọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n fi ìṣó wọn àyè rẹ̀, wọ́n dá ìṣó padà sẹ́nu, wọ́n mú bóòtù kan.

"Ó ń bọ̀."

"Mo dì í mú."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, títí dé èyí tó kẹ́yìn. Ọwọ́ Bàbá Ìṣólẹ́nu ń gbọ̀n. Sípánà á bọ́ kúrò lórí bóòtù, wọ́n á tún gbé e sí i. Bàbá á di nọ́ọ̀tì mú nísàlẹ̀, wọn ò ní kán wọn lójú, wọn ò sì bèèrè pé kí ló dé. Nígbà tó ku bóòtù kan, wọ́n yí i díẹ̀, wọ́n sì gbé sípánà sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ àyè tó wà láàárín pákó, ibi tí èmi náà gbé ẹnu sí lọ́jọ́sí, wọ́n ní, "Kò le tó. Tí mo bá lọ tán, kí o tún un dì."

Bàbá Ìṣólẹ́nu bá wọlé padà. Èmi ni mo fa Bàbá jáde. Eruku kún ẹ̀yìn wọn, mo fẹ́ gbọ̀n ọ́n nù, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà kan bóòtù yẹn. Àwọn yòókù di pákó náà mú, kò lè bọ́, àmọ́ etí rẹ̀ kan ń mì. Tírélà ò gbọ́dọ̀ gba inú kòtò, á máa dún pà, pà, pà, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé Bàbá ń bọ̀. Wẹ́dà ní òun á dì í fún wọn, pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Bàbá ní, "Ọ̀rẹ́ mi ló dì í. Ó dáa bó ṣe wà." Iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ìṣólẹ́nu la sì máa ń gbà báyìí, ibi yòówù ká máa lọ, kódà tó bá jẹ́ òdìkejì ni ọ̀nà wa wà. Tí a bá débẹ̀, Bàbá á rọra wà á, kí pákó náà lè dún dáadáa.

Èmi máa ń jókòó sẹ́yìn nínú tírélà. Mi ò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Ìyá àgbà ní ilé ti dákẹ́ jù, pé kí n kúkú sín àwọn jẹ díẹ̀, kí àwọn lè rí ẹni bú. Mo gbìyànjú rẹ̀, ó jáde bí ohùn ara mi. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé mo ní ohùn Bàbá lẹ́nu pátá, gbogbo ọ̀nà tí wọ́n fi máa ń pe "Káfíńtà" láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ayọ̀, mo sì ní ẹ̀rín Bàbá Ìṣólẹ́nu tí ìṣó máa ń dún nínú rẹ̀. Nínú gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo lọ mú.

Tí ẹ bá wálé nígbà ìsinmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè ayùn tó máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìṣó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìyá àgbà fi aṣọ kọ́ ọ lọ́jọ́ kan, Bàbá dìde, wọ́n sì mú un kúrò.

Lánàá, a gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá bó ṣe máa ń rí. Pákó ń dún. Bàbá Ìṣólẹ́nu wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fá igi. Àtẹ̀yìnwá, wọn kì í gbójú sókè. Lánàá, wọ́n gbójú sókè, wọ́n tẹ́tí sí i títí tí a fi kọjá wọn. Mo wẹ̀yìn. Mo rí i tí wọ́n gbé ọwọ́ sẹ́nu, tí wọ́n sì ń yọ ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó o sínú àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan kí a tó yà sí kọ̀rọ̀. Mi ò sọ fún Bàbá, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́. Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Ẹ bá mi kí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá, kí oorun rẹ̀ máa fúyẹ́. Ẹ kí àwọn ọ̀rẹ́ yín tí wọ́n máa ń ka lẹ́tà mi. Ẹ sọ fún wọn pé èyí ò ṣeé kà sókè. Ìyá àgbà ní àwọn ń gbàdúrà fún yín, Bàbá ní kí ẹ má pẹ́ kí ẹ tó fèsì.

Èmi ni àbúrò yín tí ń retí yín,
Ayékòótọ́.